Ìjẹ̀bú Tó Dá Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Sílẹ̀

Bí ẹ bá rí ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń lọ ra gààrí lọ́jà, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ kí ẹ wòran. Á bu díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àkọ́kọ́, á jù ú sẹ́nu, á ní kò kan tó. Á kọjá sí ìsọ̀ kejì, á tún bu, á ní iyanrìn ń dún nínú rẹ̀. Ní ìsọ̀ kẹta, á ní kí wọ́n bá òun wá omi tútù díẹ̀, kí òun fi mọ̀ bóyá á wú. Nígbà tó bá fi máa ná an dé iye tó fẹ́, ó ti yó, kò sì rí ìdí tí òun fi ń ra gààrí mọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lèmi tí mò ń sọ ọ́ yìí o. Ẹ má rò pé ará Ìbàdàn ló ń bú yín.

Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ló wá jí lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kò sí ará ilé kankan tó bi í pé kí ló jẹ sùn?

Torí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe òwò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ óò kó gìrìpá ọmọkùnrin bí ogún jọ, kò sí èyí tó ń jẹun níwọ̀nba nínú wọn. Ẹ óò ra bàtà, ẹ óò ra jẹ́sì, ẹ óò ra ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún bíi ti ọmọ iléèwé. Bọ́ọ̀sì á mu epo, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀kan á fẹsẹ̀ rọ́, ẹ óò sanwó ìtọ́jú. Bí wọ́n bá borí, wọ́n á béèrè ẹ̀bùn. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, àwọn tí kò dá kọ́bọ̀ kan sí i ni yóò dúró lẹ́nu géètì pápá láti bi yín pé ta ló bí yín.

Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ owó kà jù lọ ló ṣe é. Olóyè Israel Adebajo ni. Ẹ tún wá wo iṣẹ́ rẹ̀: ohun èlò ọ́fíìsì ló ń tà l'Ékòó. Nigerian Office Stationery Supply Stores lorúkọ ilé iṣẹ́ náà, orúkọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ó máa gba odidi ojú bébà kan kí ẹ tó kọ ọ́ tán, ẹ ó sì tún padà wá ra òmíràn. Bírò, fáìlì, àpò ìwé, lẹ́jà. Ọ́fíìsì tó bá fẹ́ mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, ìwé tí wọ́n máa fi kọ ọ́, ọjà rẹ̀ ni. Ẹni tó ń ta ìwé ìṣirò fún àwọn ẹlòmíràn yìí ló jókòó ní ọdún 1958, ó ṣí ojú ewé tuntun kan, ó kọ "Bọ́ọ̀lù" sí apá owó tó ń jáde. Apá kejì ńkọ́? Mo gbà pé ibẹ̀ ló fi pamọ́ fún adùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orúkọ tó sọ ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí M.K.O. Abiola, ọmọ Ẹ̀gbá, dá tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, Abiola Babes ló sọ ọ́. Ẹ̀gbá fẹ́ kí ẹ mọ òun. Ìjẹ̀bú kò ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sáà ti ra ọjà. Ó sọ ẹgbẹ́ ní Stationery Stores. Ìsọ̀ bébà! Ẹ fojú inú wo pápá Onikan lọ́jọ́ Sátidé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún géńdé ọkùnrin, òógùn ń ṣàn lára wọn, àwọn mìíràn ti bọ́ ẹ̀wù, iṣan ọrùn wọn yọ gbọ̀ọ̀rọ̀, orúkọ ibi tí wọ́n ti ń ra àpò lẹ́tà ni wọ́n ń ké. Ẹni tí kò kọ lẹ́tà rí láyé rẹ̀ fẹ́ gbá ẹlòmíràn létí nítorí Stationery. Ẹni tó jẹ́ pé àtẹ̀ka ló fi ń gba owó ní báńkì ń fi Stationery búra. Kò sí ẹni tó pariwo bẹ́ẹ̀ rí nítorí ìsọ̀ aláta, ata sì wúlò ju kábọ́ọ̀nù lọ.

Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wò dáadáa, mo wá kígbe. Rédíò ń gba owó ìpolówó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ará Èkó ń ké orúkọ ìsọ̀ yìí fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún sanwó kí wọ́n tó wọlé láti wá ké e! Ìjẹ̀bú tí ẹ̀ ń pè ní aláìmọ̀ṣirò nìyẹn. Mo tẹríba.

Àmọ́ orí ló ń báni ṣe ọjà. Àwọn ènìyàn gé orúkọ náà kúrú. Wọ́n ní "Stores", wọ́n ní "Super Stores", nígbà tí inú wọn bá sì dùn, "Up Super!" Bébà ti bọ́ sọnù nínú ọ̀rọ̀. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n tún wá ń pe àwọn ọmọ náà ní Adebajo Babes. Ohun tí Ìjẹ̀bú sá fún, tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i bíi Ẹ̀gbá, wọ́n gbé e lé e lórí láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ náà mọ̀ ọ́n gbá o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ká lè máa bú u nìṣó. Wọ́n gba ife Challenge Cup ní ọdún 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968. Nígbà tí Nàìjíríà sì kó ẹgbẹ́ jọ lọ sí Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò lọ́dún 1968 yẹn kan náà, àwọn ọmọ Stores ló pọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Peter Fregene ló ṣọ́ ilé. Jàpáànù lù wá, Sípéènì lù wá, a wá pàdé Bràsíìlì, tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, a ta ọ̀mì pẹ̀lú wọn, góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé ìwà ìsọ̀ ni? Olówó kékeré ná wa títí ó fi rà á lówó pọ́ọ́kú, oníbàárà ńlá dé, a kò yọ kọ́bọ̀ kan fún un.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1969, ni Adebajo kú. Ọmọkùnrin kan wà níléèwé girama nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Haruna Ilerika, tí àwọn bàbá wa l'Ékòó ń búra títí di òní pé bọ́ọ̀lù gbọ́ èdè rẹ̀. Stores ló gbá fún. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò jókòó jẹ adùn rẹ̀ pẹ́. Bí ilé tí a kọ́ sílẹ̀ tó jẹ́ pé ayálégbé ló ń gbádùn àtẹ́gùn rẹ̀ ni.

Àwọn ayálégbé ọ̀hún sì jayé! Ife Challenge Cup tún wọlé ní 1982 àti 1990, wọ́n wá gba líìgì ní 1992. Ní 1981 wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn agbafe ilẹ̀ Áfíríkà, Union Douala ti Kamẹrúùnù sì lù wọ́n bolẹ̀. Ohun tó dun ará Èkó jù nínú èyí kì í ṣe Kamẹrúùnù. Ìbàdàn ni. Torí Shooting Stars ti lọ bá Tonnerre Yaoundé, Kamẹrúùnù kan náà, ní 1976, wọ́n sì gba ife yìí gan-an bọ̀ wálé. Ọmọ Ìbàdàn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ bá wọn ra àmàlà, wọ́n á fi kún ọbẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn 1992, ìjà ta-ló-ni-ín bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì rọlẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ wò ó, Stationery o! Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní Nàìjíríà, èyí tí kò yẹ kó ṣàìní ìwé nìyẹn.

Níbi tí mo ti mẹ́nu ba bébà yìí, ẹ jẹ́ kí n yà sí Ogun Waterside díẹ̀, mi ò ní pẹ́. Ní Ìwópin, létí ọ̀sà, ìjọba àpapọ̀ ní láàárín ọdún 1970 sí 1980 pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ bébà kan tí yóò mú kí Nàìjíríà yéé ra bébà lókè òkun. Bébà kò ní ti afẹ́fẹ́ wá, nítorí náà wọ́n gbin igi gmelina sínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní J4, ní Ìjẹ̀bú East, pé òun ni wọ́n máa lọ̀. Igi hù. Igi dàgbà. Igi dúró, ó ń retí. Ilé iṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe lá a lálàá. Àwa onípákó Ìjẹ̀bú-Igbó tí a ń kọjá lọ kọjá bọ̀ wá rí i pé igi yìí ń dá nìkan wà nínú igbó, òtútù ń mú un, àánú rẹ̀ sì ṣe wá. Ẹ má béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adebajo dá ìsọ̀ bébà sílẹ̀, ó bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀, ó bí igbó.

Kí ẹ má bàa rò pé Ìjẹ̀bú nìkan ni àrùn dídá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ yìí ń ṣe, ẹ gbọ́ ti ọmọ Faransé kan. Jules Rimet, wọ́n bí i ní 1873, ìsọ̀ ni bàbá tirẹ̀ náà ní, ìsọ̀ oúnjẹ. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1897. Orúkọ wo ló sọ ọ́? Red Star. Ọmọ Faransé, láàárín Paris, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ! Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọmọ yín ní Jayden ní Ojówó, n'Ìjẹ̀bú-Igbó wa níbí, ẹ ti ní bàbá ìsàlẹ̀.

Rimet gun orí àga FIFA ní 1921, kò sọ̀ kalẹ̀ títí di 1954. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Ọba mìíràn ò lò tó bẹ́ẹ̀. Òun ló dá Ife Àgbáyé sílẹ̀, ó gbé ife náà sínú ẹrù rẹ̀, ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Uruguay ní 1930. Ní 1946 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ife ọ̀hún. Ẹ wá wo bí ayé ṣe tọ́jú rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ará Ítálì kan tó wà nídìí àjọ bọ́ọ̀lù wọn tọ́jú ife náà sínú páálí bàtà, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí àwọn ọmọ ogun Jámánì má bàa rí i. Mo rọ àwọn òpìtàn pé kí wọ́n tún ìran ọkùnrin yìí yẹ̀ wò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú páálí bàtà? Báńkì wa nìyẹn! Ẹnì kan ní Àtìkórí mọ̀ ọ́n. Ní 1966, wọ́n jí ife náà ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí ọlọ́pàá kún fọ́fọ́, ajá kan tí wọ́n ń pè ní Pickles ló bá wọn rí i. Ní 1983, wọ́n tún jí i ní Rio, kò sí ajá nítòsí, ó sì lọ pátápátá.

Kí n tó padà sílé, mo gbọ́dọ̀ kí àwọn ará Rẹ́mọ. Mo fẹ́ pè wọ́n ní Ìjẹ̀bú, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó dé. Kunle Soname dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2004, FC Dender ló kọ́kọ́ ń jẹ́, ní 2010 ó di Remo Stars, Ìkẹ́nnẹ́ sì ni ilé rẹ̀. Ní 2015 ó ré kọjá òkun lọ ra ẹgbẹ́ Feirense ní Potogí, bí ẹni lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ní 2025, Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà. Èyí tó jọ mí lójú ni pé òun nìkan ló rí ibi tí ìwé ìṣirò Adebajo ti ṣófo. Ó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀. Owó tí bọ́ọ̀lù bá gbà lọ́wọ́ ọ̀tún, àwa tí a ń ta tẹ́tẹ́ ń dá a padà sí tòsì. Mo ti ṣírò rẹ̀: ó kéré tán, ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ yẹn, owó mi ló rà á. Bí mo bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń juwọ́ sí i.

Ní ti Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, a ní Mike Adenuga. Glo, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù rẹ̀, ṣe onígbọ̀wọ́ líìgì Nàìjíríà, ó ṣe onígbọ̀wọ́ àmì ẹ̀yẹ tí CAF ń fún agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní Áfíríkà. Àwọn ọmọ Faransé pàápàá, nígbà tí Ààrẹ wọn Macron wá sí Èkó ní 2018, fi oyè ńlá wọn, Légion d'honneur, dá a lọ́lá. Ẹ wá bi mí pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wo ló dá sílẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i bí ẹ bá fẹ́, èmi ń kọ́ ọgbọ́n. Bó o bá jẹ́ onígbọ̀wọ́, ìwé àdéhùn á parí lọ́jọ́ kan, wàá dìde, wàá gbọn agbádá, ó dàbọ̀. Ẹgbẹ́ tó o bá dá sílẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni bàbá ń dìde kúrò nídìí ọmọ? Ojúlówó Ìjẹ̀bú á sanwó ìlù, á jó, á lọ. Kì í ra àyàn.

Alága wa ló ra àyàn.

Onípákó ni Alága, èèyàn dáadáa ni, ó lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ó ra bọ́ọ̀lù kan, ó ra fèrè kan, ó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló ń gbá. Ta ló fẹ́ sọ pé rárá? Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò gbá a sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí rántí iye tó rà á, á sì máa sọ ọ́ sókè.

Sátidé kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Àgọ́-Ìwòyè wá bá wa gbá. Ẹ mọ àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè, látìgbà tí ìjọba ti gbé yunifásítì fún wọn ní 1982 ni yàrá kan ti ń bí yàrá mẹ́ta lọ́wọ́ wọn kí sáà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti gbá góòlù méjì wọlé kí n tó so okùn bàtà mi tán. Nígbà tó yá, a rí pẹnáritì. Alága gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n ṣe léṣe, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún bí ẹni nu ojú ọmọ ìkókó, ó gbé e kalẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó tún fà sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀pà. Ó sá wá. Ó gbá a.

Inú igbó kòkó ni bọ́ọ̀lù wọ̀.

Alága fọn fèrè, òun tí kì í ṣe rẹfirí, ó ní kò sí ẹni tó máa kúrò níbẹ̀ láìrí bọ́ọ̀lù òun. Èèyàn méjìlélógún, tiwa àti tiwọn, rẹfirí àti ẹlẹ́pà, la jọ wọnú igbó. A ń fi ẹsẹ̀ tú ewé gbígbẹ. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ejò wà níbí?" Mo ní ejò kọ́ ni kó bẹ̀rù, kó bẹ̀rù ọjọ́ tí Alága bá ní ká dáwó ra òmíràn. Ibi tí a ti ń wá a ni ilẹ̀ ṣú sí. Ìyá ẹlẹ́pà ló padà rí i lábẹ́ igi kòkó, ó sì gba owó ìríran kó tó gbé e sílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Alága ránṣẹ́ pè mí sí ìsọ̀ pákó rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ ìtàn Adebajo látẹnu mi, òun náà fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa jẹ́ orúkọ ìsọ̀ òun, kí ará Àgọ́-Ìwòyè máa fi ẹnu ara wọn polówó pákó fún òun. Ó ní torí mo ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, òun ti fi mí ṣe akọ̀wé owó.

Mo ní, "Alága, ẹ kú orí ire. Ẹ wá fún mi lówó kí n lọ ra lẹ́jà."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó ta ilé. Ó nawọ́ sí ìdí òkìtì, ó fa pákó kan jáde, ó fi apá rẹ̀ nu eruku rẹ̀, ó yọ pẹ́ńsù tó fi há ẹ̀gbẹ́ etí, ó ní, "Kọ ọ́ síbí ná."

Mo fa ìlà sí àárín pákó. Mo kọ "Bọ́ọ̀lù" sí apá owó tó ń jáde, mo kọ "Fèrè", mo kọ "Ẹlẹ́pà". Mo yíjú pé kí n bi í léèrè ohun tí n máa kọ sí apá kejì. Káfíńtà kan ti gbé pákó náà lé èjìká, Alága sì ń ka owó.